Èèkàn Kẹtàdínlógójì

Èmi ni mo ń gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀. Iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ:
kí n dúró ṣinṣin, kí n má mì, kí n má sín,
kí ọ̀gá mi Gbótifáyọ̀ fi ojú kan wò mí nínú ẹ̀rọ
bí ọdẹ ṣe ń wo ẹtu.
Láti ẹ̀yìn Odò Ọbà la ti ń kan èèkàn bọ̀,
ọ̀dà pupa lórí, nọ́ńbà lára.
Òòrùn Ogbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà
kì í bi èèyàn bóyá ó ti jẹun.

Wọ́n ní páìpù gáàsì ń bọ̀.
Yóò gba abẹ́ oko wa, yóò gba ẹ̀bá Ṣakí,
yóò fo ààlà láìmú ìwé ìrìnnà dání,
yóò sì máa lọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òtútù ń pa.

Ọ̀gá mi tẹ́ máàpù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀,
ó fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.
"Àwọn ará ọ̀hún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tà fún wọn.
Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá bínú, tó yí kọ́ọ̀kì,
ọmọ ìkókó á gbọ̀n lórí ibùsùn.
Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà kejì la ń là fún wọn."

Èèkàn kẹtàdínlógójì bọ́ sínú oko kajú Ìyá Ọmọ́ládùn.
Kajú ti pọ́n, ó ń já bọ́, pọ̀, pọ̀.
Màmá ń yọ kóró, ó ń ju ara èso sí ewúrẹ́.
Kò dìde.
"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ fẹ́ rì sílẹ̀?"
A ní páìpù gáàsì.
"Èyí tí mo fi ń dáná, kí owó rẹ̀ tó gun òkè?"
A ní òun náà ni.
"Ṣé yóò ní ẹnu níbí?"

Ọ̀gá mi wúkọ́.
Ó ní ẹnu rẹ̀ kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkejì wà ní òpin.
Ó ní wọn á san owó igi, iye igi kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé.
Màmá wá ń ka igi fún wa bí ẹni ń ka ọmọ:
èyí tó san owó ìdánwò Adéṣẹ̀yẹ,
èyí tó ra páànù,
èyí tí kò so rí, àmọ́ tí ibòji rẹ̀ tutù.
"Ìyẹn ńkọ́? Èló ni ìwé yín pe ibòji?"

Ọ̀gá mi tún pa òwe rẹ̀.
Màmá ní, "Òótọ́ ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba àárín ilé mi kọjá,
tí ò dúró kí mi,
kí ni kí n máa pè é?"

Ọ̀pá mì lọ́wọ́ mi.
"Dúró dáadáa!" Ọ̀gá mi ké látòkèèrè.
Mo ní atẹ́gùn ni.
Ewé kan ò mira lórí igi.

Lálẹ́, nílé mi ní Masífà,
sìlíńdà gáàsì wà ní kọ̀rọ̀, ó ti di àga ọmọ.
Ìyàwó mi ń fẹ́ èédú, ojú rẹ̀ ń ṣomi.
Mi ò sọ nǹkan kan. Mo mu gààrí, mo jáde,
mo ní mo gbàgbé fìlà mi sóko.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a bá èèkàn kẹtàdínlógójì
ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí apá òsì,
ó ti kúrò lábẹ́ igi tí kò so rí.
Lórí máàpù, kò tó ẹsẹ̀ eèrà.
Ọ̀gá mi wo èèkàn, ó wo ìka mi tí ọ̀dà pupa ò tíì ṣí,
ó wò mí pẹ́.
Mo di ọ̀pá mú.
Mi ò mì.